Kẹ́hìndé, Ìwọ Kọ́ Ni Àgbà Lọ́dọ̀ Òyìnbó

Bẹyẹrunka,
Ìbàdàn.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Ìdòwú kà á fún mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, mo ní kó rọra kà á. Nígbà kẹta, ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

(Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ẹ kú àtijọ́. Èmi Ìdòwú àbúrò yín ni mo ń kọ ọ́. Màmá ń sọ, mò ń kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ tèmi, inú àkámọ́ báyìí ni màá máa kó o sí, kí ẹ má baà rò pé Màmá ló ń wí ìsọkúsọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín o. Ó tó igba ìgbà. Ohùn mi ti há. Àwọn ẹyẹ orí òrùlé Mápó gan-an ti mọ̀ ọ́n sórí.)

Má fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ mi, Ìdòwú. Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ.

(Mo ti kọ ìyẹn náà.)

Kẹ́hìndé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́ nínú ìwé rẹ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní níbi iṣẹ́ tuntun tí o wọ̀, àwòrán ọpọlọ àwọn ìbejì ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Ìwọ kọ́ lò ń yà á. Tìrẹ ni pé kí o kọ fáìlì méjì fún kọ̀ńpútà. Fáìlì kìíní ni bátànì: ìlà kan fún àwòrán kan, kí kọ̀ńpútà lè mọ ìbejì ilé ta ni, àti èwo ni àgbà, èwo ni àbúrò. Fáìlì kejì ni ìfiwéra. Òun ló ń sọ fún kọ̀ńpútà ohun tí yóò fi wé ara wọn àti èyí tí yóò fojú fò, kí ó lè tọ́ka sí ibi tí ọpọlọ àgbà ti ju ti àbúrò lọ.

O ní dókítà obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ sọ fún ọ pé, "Fún àgbà ní ọ̀kan, fún àbúrò ní máínọ́ọ̀sì ọ̀kan." Ìwọ náà jókòó, o ṣe é. Gbogbo ọmọ tó kẹ́yìn jáde, o fún un ní ọ̀kan. Gbogbo ọmọ tó kọ́kọ́ jáde, o fún un ní máínọ́ọ̀sì. Ìgbà tí ọ̀gá rẹ ń mu tíì lọ́jọ́ kan, tó ní àgbà ni ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sáyé, lo tó mọ̀ pé òdì lo kọ.

Mo mọ ibi tí o ti gbé e. Nílé wa níbí, Kẹ́hìndé ni àgbà. Òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ orí ni àgbà, ó parí.

(Bọ̀dá Táyé wà níbí nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mólété dé, gíríìsì kún ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Wọ́n ju sípánà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o! Láti kékeré ni Kẹ́hìndé ti ń fi ẹ̀gbọ́n jẹ mí níyà nínú ilé yìí. Òun ní í kọ́kọ́ mú ẹran. Òun ní í sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó wá rékọjá òkun, ó tún lọ fi kọ̀ńpútà jẹ oyè ẹ̀gbọ́n!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo búra fún yín, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín yẹn ní Bẹẹrẹ, àwọn kan tilẹ̀ rò pé táyà ló bẹ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé lọ́dọ̀ òyìnbó, àwọn ni ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ní ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀.)

Jẹ́ kí Táyé rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe yẹn kọ́ ló rẹ̀ mí, kò sí ẹni tí kì í ṣì í ṣe. Ohun tó rẹ̀ mí wà ní ojú-ìwé kẹta lẹ́tà rẹ. O ní ọ̀gá rẹ ti rí i pé iṣẹ́ náà kò bá ti àwọn ẹlòmíràn mu, pé òdìkejì ni ó ń jáde. O ní ó ń rò pé Ẹ̀sí, ọmọbìnrin ará Gánà tó ń gba àkọsílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá ìbejì, ló kọ ọ́ sódì, àti pé bí oṣù bá parí, wọn yóò ní kí ó máa lọ. Ìwọ sì mọ̀ pé àkọsílẹ̀ Ẹ̀sí pé pérépéré. O wá bi mí pé: "Màmá, ṣé kí n dákẹ́? Bí mo bá yí ọ̀kan àti máínọ́ọ̀sì padà fúnra mi, gbogbo rẹ̀ yóò tọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí á sì bá a lọ."

Ọmọ mi, ẹni tí o bi léèrè, òun náà ti dákẹ́ rí.

Ìwọ mọ̀ mí sí ìyá tó ń ta aṣọ. O kò mọ̀ mí sí ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ obìnrin kan ní Àrẹ̀mọ, Ìyá Aláró là ń pè é. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ìlà lábẹ́ ìlà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀, yóò funfun. Ibi tí ẹ̀kọ kò bá sí, yóò dúdú. Nígbà tí Ìdòwú ya fáìlì rẹ sórí bébà fún mi, ìlà lábẹ́ ìlà, ọ̀kan níhìn-ín, máínọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, mo ní, "Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Aṣọ ni."

(Irọ́ kọ́ o. Mo ṣàlàyé ti òdo náà fún wọn. Mo ní ìbejì ilé kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, ìlà tó dúró lóòró, nínú bátànì yín, kí kọ̀ńpútà má baà lọ fi ọmọ ilé yìí wé ọmọ ilé kejì, pé ẹ sì fún gbogbo òpó wọ̀nyẹn ní òdo nínú fáìlì ìfiwéra. Màmá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá la fi ń wé ọmọ ìyá." Tíṣà ìṣirò wa ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ rántí mi nígbà tí ẹ bá ń ra bàtà.)

Nítorí náà ohun tí ẹnu mi ká ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní. Má gbẹ́kẹ̀ lé bí nǹkan ṣe tò. Níbi iṣẹ́ wa, olúkúlùkù ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àmì tirẹ̀ sí igun aṣọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ kọ ọ́. Mo máa ń sọ pé, "Kí ni mo fẹ́ fi àmì ṣe? Tèmi ló wà lókè, ti Àṣàkẹ́ ló tẹ̀ lé e." Àṣàkẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi ni; òun náà wò mí, kò kọ tirẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú, gbogbo wa sáré ká aṣọ wọlé. Nígbà tí òjò dá, tòkè ti di tìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà nìyẹn. O ní bí àwòrán ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni ìlà inú fáìlì gbọ́dọ̀ ṣe tò. Ó dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ńpútà kò mọ ojú ènìyàn. Bí àwòrán kan bá kúrò láyè rẹ̀, kò ní pariwo, kò ní kọ̀ jálẹ̀, ìdáhùn náà ni yóò fún ọ, yóò sì dán gbinrin. Orúkọ ni kí o fi wé orúkọ, ìlà kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́, bó ti wù kó sú ọ tó.

Èkejì. Máa fi àkísà dán aró wò. Kò sí aláró tí í ri odidi aṣọ sínú ìkòkò tí kò mọ̀ bí aró ọjọ́ náà ṣe rí. Mú àwòrán tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi fáìlì rẹ dán an wò. Bí ó bá pe ńlá ní kékeré, o ti mọ̀ pé òdì lo kọ, kí ilé ayé tó mọ̀.

(Màmá ní kí n wá omi wá. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní "Ẹ̀kẹrin." Mo ní, "Màmá, ẹ̀kẹta ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni o bí mi ni?" Nítorí náà kò sí ẹ̀kẹta o.)

Ẹ̀kẹrin. Bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu wọn. Má ṣe sọ pé o ti mọ̀. Obìnrin kan wá bá wa, ó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Aṣọ tí a ya gbọ̀ngàn Mápó sí ló fẹ́. Ó ní, "Mo fẹ́ kí àwọn òpó yẹn hàn o." Ìyá Aláró ní kí èmi àti Àṣàkẹ́ pín aṣọ náà ṣe. Lójú tèmi, ohun tó bá dúdú ni ó hàn. Àyíká òpó ni mo kọ ẹ̀kọ sí, mo fi òpó fúnra rẹ̀ sílẹ̀ fún aró. Òpó funfun ni obìnrin náà ní lọ́kàn. Funfun ni òpó Mápó nínú gbogbo aṣọ tí ẹnikẹ́ni ti ń ṣe rí, ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí. N kò béèrè. Mo ń kánjú, mo sì gbọ́n lójú ara mi.

Aṣọ jáde. Ti Àṣàkẹ́, òpó funfun. Tèmi, òpó dúdú kirimú, bí ehín ẹni tó jẹ èèdú. Òjò ọjọ́ tí mo wí yẹn ti da aṣọ rú, kò sí àmì ní igun. Obìnrin náà ṣí i wò, ó ké.

Ìyá Aláró pè wá. Ó ní, "Ta ló kọ ẹ̀kọ sí èyí?"

Àṣàkẹ́ wo ojú mi. Èmi wo inú ìkòkò aró.

Ó tún ní, "Ẹ̀yin méjì ni mo kó aṣọ fún. Ta ni?"

Àṣàkẹ́ ní, "Ìyá, èmi kọ́." Kò ní "òun ni." "Èmi kọ́" nìkan ló sọ.

Ìyá Aláró ní, "Ìwọ lo máa ń kánjú, Àṣàkẹ́. Má purọ́ fún mi nínú ilé mi."

Mo wà níbẹ̀. Mo ní ẹnu, n kò là á. Mo ní nínú ara mi pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá sọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àṣàkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀. Oṣù méjì péré ló kù kí ó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Èmi gba tèmi. Wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò.

Ó pẹ́ kí n tó tún rí i. Ẹ̀yin ìbejì ti ń rìn nígbà náà, mo fà yín lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Gbági ni, ó gbé àwo bọ́tìnnì kalẹ̀ níwájú, ó ń ṣà wọ́n, ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀.

Mo ní, "Àṣàkẹ́."

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ."

Mo ní, "Aṣọ ọjọ́ yẹn, èmi ni."

Kò dáwọ́ dúró. Ó ń ṣa bọ́tìnnì lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi, tí mò ń wo ọ̀nà Àrẹ̀mọ. Mo ní o máa wá. Nígbà tó ṣe, mo lọ ra àwo." Ó wá wo aṣọ ọrùn yín. Ó ní, "Ṣé funfun lẹ fẹ́ rà ni, àbí dúdú?"

Kò bú mi. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sì kọ̀ ọ́. Mo ra bọ́tìnnì mẹ́fà tí n kò ní aṣọ tí màá rán an mọ́.

(Bọ̀dá, n kò fi iyọ̀ sí èyí. N kò gbọ́ ọ rí, Bọ̀dá Táyé náà kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò sí gíríìsì mọ́ lára rẹ̀. Màmá kò sunkún o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí íǹkì bírò mi fẹ́ gbẹ.)

Kò gbẹ. Kọ ohun tí mo ń sọ.

Kẹ́hìndé, o ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé ọ. Ó ṣeé ṣe. N kò ní tan ọ́ jẹ. Dókítà yẹn lè bínú, ó sì lè ní kí o máa bọ̀ nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ wà, mo ti ní kí wọ́n kó àpò gààrí kúrò níbẹ̀. Táyé ní àyè wà lábẹ́ mọ́tò fún ẹni tó bá lè gbé jáàkì.

(Bọ̀dá Táyé ní, "Sọ fún un pé bí mo bá ní kó fún mi ní sípánà mẹ́rìnlá, kó má lọ gbé máínọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá fún mi." Màmá ò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín díẹ̀.)

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ń bẹ̀rù pé yóò bọ́, ti Ẹ̀sí ló máa kọ́kọ́ bọ́. Òun náà ní ìyá níbìkan ní Gánà. Òun náà ní ìwé tó fi ń gbé ìlú yẹn. Bí o bá yí ọ̀kan àti máínọ́ọ̀sì padà níkọ̀kọ̀, àwọn ọpọlọ yóò tọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ Ẹ̀sí kò sí nínú fáìlì. Kò sí ìlà tí o máa tún kọ tí yóò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ lo ti ń sọ pé ìwọ ni àgbà. O tiẹ̀ gbé e dé inú kọ̀ńpútà. Ó dáa, àgbà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí Ẹ̀sí ń wọ́ lọ́jà yín. Ìwọ lo wà níbẹ̀, èmi kọ́.

Ọmọ Alhájà tó wà lẹ́yìnkùlé wa ń bọ̀ ní ìlú yín lọ́jọ́ Àìkú. Òun ni màá fi ìwé yìí rán, kí ó lè bá ọ kí oṣù tó parí. Bí o bá ti kà á tán, má bọ́ kóòtù rẹ. Mú fáìlì tí o kọ sódì dání, má pa á rẹ́, kí o sì mú èyí tó tọ́. Lọ bá ọ̀gá rẹ, kí Ẹ̀sí wà níbẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ látorí àṣà Yorùbá, má bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó rán Táyé níṣẹ́. Ìyẹn lè tẹ̀ lé e bí wọ́n bá béèrè. Ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àkọsílẹ̀ Ẹ̀sí tọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sódì." Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí. Mo mọ̀ pé o ń retí àdúrà. Ìyá kì í kọ̀wé sí ọmọ lẹ́yìn odi kó má fi àdúrà dì í. Mo ní wọn lẹ́nu, wọ́n pọ̀: ti ọ̀nà, ti ìyàwó, ti òtútù ìlú yẹn. N kò ní gbà wọ́n sínú ìwé yìí. Lọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ná. Bó bá jẹ́ ilé ni wọ́n lé ọ wá, ẹnu ọ̀nà níbí ni màá ti gbà wọ́n sí ọ lórí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, kọ̀wé, màá gbà wọ́n ránṣẹ́.

(Bọ̀dá Kẹ́hìndé, mo bẹ̀ wọ́n. Bọ̀dá Táyé náà bẹ̀ wọ́n, tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ àmín kan ṣoṣo, kékeré, sí ìsàlẹ̀." Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e, wọ́n sì fi sínú ìrọ̀rí. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́.)

Èmi ni,
Ìyá rẹ.